Òbúkọ wa ń gun àgùntàn láti ọdún kẹta, oyún ò dé, kí ló fà á?

ỌmọẸ̀pẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òbúkọ kan wà nílé wa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa gun abo àgùntàn màmá onílé wa lọ, ọdún kẹta rèé, oyún ò dé, àmọ́ bí wọ́n ṣe mú àgbò wọlé báyìí oyún dúró. Mo wá ń rò ó pé ajá bíńtín àti ajá gìrìwò tí àwọn sójà ń mú kiri, ajá náà ni wọ́n, wọ́n lè bímọ fúnra wọn, kí ló wá yà ewúrẹ́ àtàgùntàn? Tíṣà wa nígbà yẹn ní ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ṣé ewúrẹ́ kan ló déédéé bí àgùntàn lọ́jọ́ kan ni? Èmi ò gbà o.

TíṣàBàọ́lọ́jì: Má gbà á jàre, kò síyàá kankan tó bí ọmọ tí kì í ṣe ẹ̀yà tiẹ̀. Agbo kan ló máa ń pín sí méjì, omi lè là wọ́n láàrin, òkè lè là wọ́n, tibí ò rí tọ̀hún gùn mọ́, ìyípadà kéékèèké tó ń wọ ara àwọn tibí ò sì ní dọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún, ìran dé ìran, títí tí wọ́n á fi pàdé padà tí oyún ò ní lè dúró mọ́. Wo chimpanzee àti bonobo, ìnàkí méjì tó jọra gan-an, odò Congo ló wà láàrin wọn, ọ̀kan lápá àríwá, ìkejì lápá gúúsù, kò sì séyìí tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú wọn. Tewúrẹ́ tìẹ, chromosome (okùn tín-ín-rín inú ara tó gbé àbùdá ìran) 60 ló ní, ti àgùntàn 54, kódà bí ọlẹ̀ bá sọ, inú ló sábà máa ń bàjẹ́ sí. Ti ajá ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni, ojú lásán lèèyàn fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

ÌyáẸlẹ́ja: Ẹn-ẹ́n, tó bá jẹ́ ìpínyà ni, ṣebí ó yẹ kí Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, apá méjì ìlú wa yìí, ti di ẹ̀yà méjì látìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé, ti dé lọ́dún 1851 😀

TíṣàBàọ́lọ́jì: Ìyá, Ìjẹ̀bú lẹ̀yin, àbí? Ọkọ yín ńkọ́?

ÌyáẸlẹ́ja: Èkó Ẹ̀pẹ́ ni.

TíṣàBàọ́lọ́jì: Ẹ ò rí i! Ẹ ò jẹ́ kó yà rárá.

Adágún: Kò tiẹ̀ di dandan kí nǹkan là wọ́n láàrin. Epìyà tí Ìyá ń tà lọ́jà Olúwo yẹn, àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú adágún Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà tó ẹ̀yà 500, bẹ́ẹ̀ omi yẹn gbẹ nígbà kan, ó tún kún ní nǹkan bí ọdún 15,000 sẹ́yìn, inú omi kan náà sì ni gbogbo wọn wà. Abo ló ń ṣa akọ. Èyí tó fẹ́ràn akọ pupa ò ní bojú wo aláwọ̀ búlúù, ó parí. Àmọ́ tí ẹrẹ̀ bá wọ omi, tó ṣú, ojú ò ní mọ pupa yàtọ̀ mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn wúruwùru, èyí tó ti di méjì á tún máa padà dìkan.

ÌyáẸlẹ́ja: Háà, ìyẹn ni pé ojú ló ń yà wọ́n. Òbúkọ yẹn ò lójú nìyẹn!

ỌmọẸ̀pẹ́: Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá onílé. Wọ́n ní kí Tíṣà máa bọ̀ wá mú òbúkọ náà lọ, owó ẹ̀ ò wọ́n.