Ṣé orò ni igi ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀yìn ilé wa yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ewé àti igi. Igi kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Ìtokò, l'Ábẹ́òkúta níbí, àárín àpáta ló hù sí, ó sì ti ga ju òrùlé lọ. Káfíńtà wa ní cactus ni. Ìyá wa ní irọ́ ni, orò ni.

Ìyá wa ni mo gbè. Ara igi náà ní igun mẹ́ta, níbòmíràn mẹ́rin, ẹ̀gún sì tò sétí igun wọ̀nyẹn ní méjì-méjì bí ìwo ewúrẹ́. Ewé kéékèèké ń yọ lókè lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀rùn a sì gbọ̀n wọ́n dànù. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ kàn án pẹ́nrẹ́n, oje funfun báláú ló máa tú jáde. Cereus, cactus gíga tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í ní oje funfun. Igi wa kì í sì í ṣe Euphorbia poissonii, igi olóje funfun mìíràn, torí ewé ìyẹn nípọn, orí ẹ̀ka ló máa ń ṣù jọ sí.

Tó bá jẹ́ orò lóòótọ́, irú wo ni: ṣé Euphorbia kamerunica ni, àbí Euphorbia trigona táwọn tó ń ta òdòdó ń tà? Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?

Ó ti fẹ́ kan wáyà iná báyìí, a ní láti gé e. Oje rẹ̀ ta sí àbúrò mi lójú nígbà kan, ojú wú, kò ríran dáadáa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá ti gé irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi bojú, ibo lẹ sì da ẹ̀ka rẹ̀ sí? Ọmọdé pọ̀ nílé wa.