Ọ̀rọ̀ tó ní "dúró" nínú kò bá equilibrium mu

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín láti Òṣogbo. Bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá dábàá pé kí a máa pe equilibrium inú kẹ́mísírì, ìyẹn ìgbà tí ìyípadà tó ń lọ síwájú àti èyí tó ń padà sẹ́yìn ń yára bákan náà, ní "ìdúróṣinṣin". Ẹ̀gbọ́n mìíràn ní "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" ló yẹ ẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, torí kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kó wọn sí.

"Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ìwà ẹni tí kì í ṣe àṣejù ni; ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìwà.

"Ìdúró" gan-an ló léwu. Ẹ fi gáàsì náítrójìn àti háídrójìn sínú ohun èlò onírin tí a dé pa, kí ẹ fún un ní ooru àti ìfúnpá. Wọ́n á máa para pọ̀ di amóníà. Bí amóníà ṣe ń pọ̀ sí i ni òun náà á máa tú padà sí gáàsì méjì tó bí i. Tó bá yá, iye tó ń di amóníà ní ìṣẹ́jú kan á bá iye tó ń tú padà dọ́gba. Lójú ẹni tó ń wò ó, ó jọ pé gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó dákẹ́ níbẹ̀. Ọjà Ọba lọ́sàn-án ni: èrò ń wọlé, èrò ń jáde, iye tó wà nínú ọjà kò sì yí padà. Ta ni yóò sọ pé ọjà náà dúró?

"Ìdọ́gba" sàn jù, àmọ́ tó bá dá wà, á ṣi ọmọ lọ́nà. Yóò rò pé amóníà àti gáàsì tó kù ló pọ̀ bákan náà. Rárá o. Ní ìwọ̀n ooru 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ìfúnpá tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, amóníà kì í tó ìdajì, bó ti wù kí a pẹ́ nídìí rẹ̀ tó. Ìyára àlọ àti ìyára àbọ̀ ló dọ́gba. Iye ohun tó wà níbẹ̀ kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìyípadà alálọ-àbọ̀" wá fún reversible reaction, ìyẹn ìyípadà tó lè lọ kó sì tún bọ̀, àti "ìdọ́gba àlọ-àbọ̀" fún equilibrium. Ọfà méjì tí van 't Hoff, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1884 láti kọ irú ìyípadà yìí sílẹ̀ pàápàá, ọ̀kan kọrí síwájú, ìkejì kọrí sẹ́yìn, àlọ àti àbọ̀ ló ń fi hàn.

Àbúrò kan béèrè bóyá aró wa lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, àwa ará Òṣogbo tí wọ́n ń kì ní "aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun". Nínú ìkòkò aró, pẹ̀lú omi eérú, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ búlúù ewé aró di ohun tó ń yòrò nínú omi, àwọ̀ rẹ̀ á sì fẹ́ jọ ti ewéko. Bí aláró bá fa aṣọ yọ, atẹ́gùn á dá a padà sí búlúù lójú wa. Ó lọ, ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà lọ kọ́ ló gbà bọ̀: kòkòrò ló mú un lọ, ọ́síjìn inú atẹ́gùn ló mú un bọ̀. Ọ́síjìn kì í sì í tán níta, kò ní jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba láé. Ẹ jẹ́ ká fi aró kọ́ ọmọ ní ohun tó ṣeé dá padà, ká má fi kọ́ ọ ní ìdọ́gba.

Àwọn kan á ní "ìdọ́gba àlọ-àbọ̀" gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ kó mú un wá, tí kò bá ṣáà ti sọ fún ọmọ pé iṣẹ́ ti parí nínú ìgò.