Pick-up wo ló lè ru tírélà fifth wheel tó ń gbé katakata lọ sí oko Ọdẹ́dá?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ọdẹ́dá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ra pick-up tokunbo tí yóò máa fa tírélà fifth wheel, irú èyí tí a kì í so mọ́ ìdí ọkọ̀, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ló ń gun ẹ̀yìn pick-up. Katakata kan àti ohun ìtúlẹ̀ onídíìsì mẹ́ta ni yóò máa gbé láti Abẹ́òkúta lọ sí oko, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nígbà ìtúlẹ̀. A ti wọ̀n wọ́n: tírélà lófìfo jẹ́ kílò 2,400, katakata àti ohun ìtúlẹ̀ jẹ́ 3,400. Àpapọ̀ 5,800. Mẹ́ta ló wà níwájú mi: Tundra 2010 oníbẹntiróò, F-250 2006 onídísù, F-350 2002 onídísù tó ní táyà mẹ́fà. Ẹni tó ń tà wọ́n ní Tundra á fà á. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Lóbẹ́ẹ̀dì:
Fífà kọ́ lọ̀rọ̀ wà, àbúrò. Ohun tó máa jókòó lé pick-up lẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ ṣírò. Nínú gbogbo ìwúwo tírélà fifth wheel, ìdá 15 sí 25 nínú 100 ló ń bọ́ sórí pick-up níbi tí kingpin (irin tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ orí tírélà) ti wọ hitch (ohun tí a dè sẹ́yìn pick-up láti di kingpin mú). Mú 20: kílò 1,160 nìyẹn. Hitch fúnra rẹ̀ lè tó 100. Ìwọ àti ọmọ iṣẹ́ méjì, 220. Ó ti di 1,480, o ò tíì ju jáàkì àti ṣéènì sẹ́yìn.

Ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ lára Tundra yẹn. Ẹrù àti èrò tó gbà kì í sábà ju 1,500 páùn lọ púpọ̀, ìyẹn bíi kílò 700. Ìlọ́po méjì lo fẹ́ dì lé e. Ẹ̀yìn á wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, sìtíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́, bírékì iwájú ò sì ní rí ilẹ̀ dì mú. Yọ ọ́ kúrò.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ọdẹ́dá:
Ẹ ṣeun bàbá. F-250 ńkọ́? Ó mọ́ ju F-350 lọ, owó rẹ̀ náà sì rọjú.

Bàbá Lóbẹ́ẹ̀dì:
GVWR ni kí o wò, ìyẹn ìwúwo tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n gbà fún ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá rù. Ti ọ̀pọ̀ F-250 kì í kọjá 10,000 páùn, kílò 4,536. Onídísù onílẹ̀kùn mẹ́rin lófìfo lè tó 3,200. Ohun tó kù kò pé 1,400, 1,480 lo sì fẹ́ gbé. F-350 onítáyà mẹ́fà ló lè gbà á, ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ ẹnì kankan gbọ́: ka GVWR rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, gbé e lófìfo gun òṣùwọ̀n tírélà ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí o yọ èkejì kúrò nínú èkíní.

Mẹkáníkì Dísù:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ́ńjìnnì kún un, ọ̀gá. F-250 2006 onídísù, ẹ́ńjìnnì 6.0 ló wà nínú rẹ̀. Oil cooler rẹ̀ (ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù) máa ń dí; bó bá ti dí, omi kì í dé EGR cooler (ohun tó ń mú èéfín tó ń padà sínú ẹ́ńjìnnì tutù) dáadáa mọ́, yóò bẹ́, omi á wọ ibi tí iná ti ń jó. Ẹrù wúwo tún ń fa bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú títí tí top gasket yóò fi lọ. Bó ṣe mọ́ tó lójú yẹn, owó ló ń bọ̀ wá jẹ.

7.3 ló wà nínú F-350 2002. Kò ní DPF (asẹ́ èéfín inú ẹ́sọ́ọ̀sì), ìyẹn sì dára fún wa, nítorí àwọn tó ní in lẹ́yìn náà, dísù tí sulphur rẹ̀ kò ju 15 ppm (ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan) lọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àléébù tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ 7.3 ni camshaft position sensor (sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí camshaft yí dé): ẹ́ńjìnnì á kàn kú lójú ọ̀nà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ra ọ̀kan sínú ọkọ̀ pẹ̀lú spanner 10. Tí ẹ bá lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde bí ẹni ń dáná igi tútù, ẹ má ra á. Ẹ fa ọ́ìlì gíà yọ: bó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, gíà ti ń lọ. Ẹ fi transmission cooler ńlá (ohun tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù) sí i, kí ẹ sì máa pa overdrive (gíà tó ga jù) lórí òkè.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá:
Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni ẹ̀yìn pick-up náà? 8 ló dára jù. Bó bá kúrú, etí tírélà á fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí kọ́nà tóóró nítòsí Ìtòkú, àyàfi tí hitch bá jẹ́ irú èyí tó ń sún sẹ́yìn. Orí axle ẹ̀yìn gan-an tàbí sẹ̀ǹtímítà 5 síwájú rẹ̀ ni hitch gbọ́dọ̀ wà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni jó o mọ́ chassis; bóòtù grade 8 ni kí wọ́n fi dè é mọ́ chassis, kì í ṣe mọ́ páànù ẹ̀yìn nìkan. Kí sẹ̀ǹtímítà 15 ṣẹ́kù láàárín ikùn tírélà àti etí pick-up, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á gbá ara wọn ní kòtò àkọ́kọ́.

Tírélà yín ní bírékì tirẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ṣá?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ọdẹ́dá:
Ó ní in, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé wáyà rẹ̀.

Wẹ́dà Láfẹ́ńwá:
Ẹ dá a padà kí ó tó fi táyà kan ojú títì. Kílò 4,640 ló wà lórí táyà tírélà, bírékì pick-up nìkan ò lè dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ ra brake controller (ohun tí awakọ̀ fi ń darí bírékì tírélà). Ní eré kílómítà 30 ní wákàtí kan, ẹ fọwọ́ tẹ lífà rẹ̀ láìtẹ bírékì ẹsẹ̀: tírélà gbọ́dọ̀ fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí táyà má sì há. Kí bátìrì breakaway náà (èyí tó ń tẹ bírékì tírélà bó bá já kúrò lára pick-up) wà láàyè.

Fọkanáísà:
Táyà tírélà, 235/80R16 load range E (irú tó ń gbé ẹrù wúwo). Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ 80 psi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi kílò 1,590. Ẹ má fi táyà jíìpù dípò. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT (nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà) ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é; 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Ti pick-up: òkúta máa ń há sáàárín táyà méjì ẹ̀yìn ní ọ̀nà oko, ẹ máa yọ ọ́. Ti inú lè rọ̀ kí ti ìta máa gbé e, ojú ò ní rí i. Ẹ máa fi géèjì wọ̀n ọ́n.

Bàbá Lóbẹ́ẹ̀dì:
Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó tán, gbé e padà sórí òṣùwọ̀n. Wọ̀n pick-up pẹ̀lú hitch láìsí tírélà. Lẹ́yìn náà so tírélà pẹ̀lú katakata, kí pick-up nìkan wà lórí òṣùwọ̀n, kí táyà tírélà wà nílẹ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ohun tó ń bọ́ sórí pick-up. Bó bá dín sí 870, sún katakata síwájú, torí tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo á máa jù. Bó bá ju 1,160 lọ, sún un sẹ́yìn. Fi ọ̀dà sàmì sí pákó níbi tí táyà katakata dúró sí, kí ọmọ iṣẹ́ má fojú dá a.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ọdẹ́dá:
Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni ti F-350 náà. Lọ́la ni mò ń gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n.

Bàbá Lóbẹ́ẹ̀dì:
Rọ dísù kún táǹkì rẹ̀ kí o tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n sábà máa ń gbé e wá pẹ̀lú táǹkì gbígbẹ, dísù tó kún un sì lè ju kílò 80 lọ.