Ta ló lè bá mi dá bàálù inú fọ́tò bàbá mi mọ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé?

Àbíkẹ́ Yábà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá ẹni tó mọ bàálù àtijọ́ dáadáa, tí mo lè lọ bá ní Èkó níbí. Bàbá mi dúró níwájú bàálù kan ní Ìkẹjà nígbà ọ̀dọ́ wọn, a sì fẹ́ kọ orúkọ bàálù náà sábẹ́ fọ́tò yẹn nínú ìwé ètò ìsìnkú wọn. Àwọn tó ń tẹ̀wé fún wa ní Ṣómólú ní bí ohun gbogbo kò bá pé lọ́wọ́ àwọn ní Ọjọ́bọ̀, ìwé kò ní jáde. Ẹ dákun, ta ni kí n lọ bá?

Awo Òfurufú: Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ wá lẹ́tà tó wà lára bàálù náà. Bí ó bá jẹ́ pé VR-N ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà ìjọba amúnisìn ni. Bí ó bá jẹ́ 5N, òmìnira 1960 ti dé kí wọ́n tó ya fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bóyá òkè ara rẹ̀ ni ìyẹ́ ti yọ tàbí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wo ìrù dáadáa, nítorí ìrù ló máa ń tú àṣírí bàálù jù lọ. Ẹ gbé e síbí kí gbogbo wa rí i.

Àbíkẹ́ Yábà: Ẹ ṣé, sà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni mo rí, mo sì rí VR-N, ìyókù ti ṣá. Orí bàbá mi bo ìrù. Fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, bí mo bá sì fi fóònù yà á, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń hàn.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ́ńjìnnì: Marathon ni irú bàálù náà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. WAAC, ilé-iṣẹ́ bàálù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 fún Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sàró àti Gáńbíà, ra mẹ́fà nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 43 péré ni wọ́n ṣe jáde ní gbogbo ayé. Bí fọ́tò náà bá hàn kedere, ohun iyebíye ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: N kò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni irú bàálù tí wọ́n ń pè ní Heron náà ní, WAAC sì lò ó. Ẹ kò tíì rí ìyẹ́, ẹ kò rí ìrù, ẹ ti dájọ́.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè: Àbíkẹ́, ọmọ mi, má ṣe gbé fọ́tò yẹn fún ẹnikẹ́ni! Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní amòye bàálù àtijọ́ gba fọ́tò bàbá ọkọ mi, ó ní òun fẹ́ fi wé èyí tó wà nínú ìwé òun. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò lára gíláàsì, ojú bàbá sì bá gíláàsì lọ. Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn.

Ará Fẹ́sítáàkì: Háà, Màámi, ẹ kú ìdúró tì í. Ṣé wọn kì í fi omi rẹ irú rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè: Omi kẹ̀! Ta ló máa fi fọ́tò òkú ọ̀run dán irú rẹ̀ wò?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Òótọ́ ni Màámi sọ. Kí ó wà nínú férémù rẹ̀.

Gbénga Atẹ̀wé: Ẹ sọ fún àwọn ará Ṣómólú kí wọ́n lo bébà dídán fún ojú ewé fọ́tò, nítorí bébà lásán máa ń mu yíǹkì, gbogbo rẹ̀ á sì ṣú.

Awo Òfurufú: Ẹ jẹ́ kí a padà sórí bàálù. Ẹ gbé férémù náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn fóònù kí gíláàsì má baà dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ẹ sì yà á láìtan iná fóònù. Bí ìyẹ́ bá kọjá lókè orí bàbá, Marathon ni, ìrù rẹ̀ a sì ní òró mẹ́ta, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dúró ṣánṣán níbi ìrù. Bí ìyẹ́ bá wà nísàlẹ̀, tí ó mọ níwọ̀n ìbàdí tàbí àyà wọn, Heron ni, òró kan ni tirẹ̀. Àwọn bàálù ńláńlá tí BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi ń ná Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n G ni lẹ́tà tiwọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbo ni ìyẹ́ wà?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ́ńjìnnì: Òkè ni ẹ ó ti rí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni fọ́tò sọ̀rọ̀ ná.

Àbíkẹ́ Yábà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èbúté-Mẹ́ta ní Dakota ni bàbá mi máa ń dárúkọ nígbà gbogbo, àwọn àgbà ilé sì ti fohùn ṣọ̀kan pé Dakota ni kí a kọ.

Awo Òfurufú: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ́ńjìnnì méjì ni Dakota ní. Ó lè jẹ́ pé bàbá ṣiṣẹ́ lára Dakota náà, nítorí WAAC ní in, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn wọn yìí kọ́. Bí kò bá sí àyè láti wò ó dáadáa, ẹ kọ ọ́ pé “níwájú bàálù kan ní Ìkẹjà”, kò sẹ́ni tó máa jà á níyàn.

Àbíkẹ́ Yábà: Mo gbọ́ yín, sà, ṣùgbọ́n mo ti fi orúkọ Dakota ránṣẹ́ sí Ṣómólú láàárọ̀ yìí. Férémù náà wà lára ògiri nílé wa, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí ẹ bá lè wá wò ó fúnra yín, inú wa yóò dùn.