Ṣé kí n lọ oògùn mọ́ kọ́sítáàdì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ care ní England, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Bọ̀dá kan wà ní ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní wárápá, kì í sọ̀rọ̀, tó bá ti rí sodium valproate, oògùn wárápá ẹ̀, báyìí á di ẹnu pa á kọjú sí ògiri. Sínọ̀ wa ní kí n lọ̀ ọ́ mọ́ kọ́sítáàdì kí n sáìnì MAR chart, ìwé tá a fi ń kọ oògùn tẹ́nì kan lò sílẹ̀, pé ó lò ó, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí ẹ̀ pé wọn kì í lọ̀ ọ́, mi ò sì rí ìwé dókítà tó ní ká fi pamọ́ sóúnjẹ. Lálẹ́ àná mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀ ọ́, mo pe 111, nọ́ńbà NHS fún ìmọ̀ràn ìlera, ni sínọ̀ bá fajú ro. Físà mi sì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ wa o! Ta ni kí n sọ fún, mánijà àbí CQC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìtọ́jú ní England?