“Jíjó” ni tàbí “ìsọdọ̀kan”?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá la ń wá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “nuclear fusion”, ìyẹn bí kóró átọ́ọ̀mù (àárín gbùngbùn rẹ̀) ṣe ń wọ inú ara wọn di ọ̀kan nínú ìràwọ̀. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a máa pe ohun tó ń mú ìràwọ̀ tàn ní “jíjó”, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ pàápàá ń sọ pé háídrójìn ń jó nínú ìràwọ̀, àti pé àwọn jórin-jórin wa náà ń jó irin pọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Irin méjì tí jórin-jórin bá jó pọ̀, irin náà ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Nínú ìràwọ̀, kóró átọ́ọ̀mù háídrójìn mẹ́rin ni yóò di kóró hílíọ̀mù kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn dábàá “àdàlù”. Ẹ ṣí ìkòkò àdàlù wò: ẹ̀wà wà lọ́tọ̀, àgbàdo wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣà wọ́n kúrò lára ara wọn. “Ìdàpọ̀” sàn díẹ̀, àmọ́ iyọ̀ àti omi náà ń dà pọ̀.

Eérú ló jẹ́ kí n má fara mọ́ “jíjó” jù lọ. Igi tó bá jó a di eérú, eérú kì í sì í padà di igi ìdáná. Ṣùgbọ́n nínú ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ohun tí ìpele kan bá fi sílẹ̀ ni ìpele tó tẹ̀ lé e yóò lò: hílíọ̀mù mẹ́ta a di kábọ́nù, kábọ́nù a bí néónì, ọ́ksíjìn a bí sílíkọ́nù, títí yóò fi kan irin. Bí ìràwọ̀ bá wúwo tó oòrùn 25, háídrójìn àárín rẹ̀ a tó o lò fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 7. Sílíkọ́nù kì í ju bí ọjọ́ kan lọ. Irin kò ní agbára kankan láti fún un mọ́, àárín rẹ̀ a sì wó.

“Ìsọdọ̀kan” ni mo fara mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè bi mí bóyá sílíkọ́nù méjì ló ń di ọ̀kan. Rárá o. Ooru ibẹ̀ ló ń já kóró hílíọ̀mù kúrò lára àwọn kóró kan, tí àwọn yòókù sì ń gbà á sára lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi di níkẹ́lì 56, ìyẹn níkẹ́lì tí ohun kéékèèké 56 wà nínú kóró rẹ̀. Gbígbà sára yẹn, ìsọdọ̀kan ni. Àmọ́ bí níkẹ́lì náà ṣe ń di kóbáltì, tí kóbáltì fi ń di irin, kò sí kóró tó wọ inú kóró mìíràn níbẹ̀. “Ìyídà” ni mo dábàá fún ìyẹn.