Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èsì àyẹ̀wò próstéètì yìí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ń dìde lóru láti tọ̀. Wọ́n á di ògiri mú, ìtọ̀ á máa kán tó, tó. Ilé ìwòsàn ní próstéètì wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) ti tóbi. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èsì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara kúnbẹ̀ fọ́fọ́, pé ó ti ń wú tipẹ́. Dókítà ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹran ibẹ̀ máa hù sí i, kódà bí kò bá sí kòkòrò kankan.

Tamsulosin ni wọ́n ń lò. Ìtọ̀ ti ń já díẹ̀, àmọ́ ńṣe ni oògùn yẹn ń dẹ ọrùn àpò ìtọ̀, kì í mú próstéètì kéré.

Ẹni tí èsì tirẹ̀ rí báyìí, ṣé wọ́n fi finasteride, oògùn tó ń mú próstéètì kéré, kún un? Oṣù mélòó ló tó ṣiṣẹ́? Bàbá tún ń fi oògùn apakòkòrò àti àgbo yọ mí lẹ́nu (ẹ mọ àwọn àgbà!). Kí ni kí n bi dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?